Lẹ́tà Tó Wá láti Baton Rouge

Wọ́n ti fi lẹ́tà wa ránṣẹ́ láti Baton Rouge.
Lẹ́tà kan ṣoṣo ni, kò kí wa, kò ní ó dàbọ̀:
D.

Ọ̀gá ilé-ìwé, Ìyáàfin Verret, tẹ̀ ẹ́ sórí bébà funfun,
ó ní kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn àbáwọlé.
Òfin Luisiánà ni, kí gbogbo òbí lè rí i.
Èmi tí mo ti ń gbá ilẹ̀ ibí fún ọdún mọ́kàndínlógún,
èmi ni mo lẹ̀ ẹ́.
Atẹ́gùn etí omi ṣí i kúrò lẹ́ẹ̀mejì,
mo tún un lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe wọ̀n wá.
Oṣù kẹrin, ọjọ́ mẹ́ta, kọ̀ǹpútà mẹ́rìnlélógún,
méjì ò tàn.
Ìbéèrè kẹsàn-án bi àwọn ọmọ kíláàsì kẹta léèrè
nípa ọmọkùnrin kan tó fi pátákó yọ̀ láti orí òkè yìnyín.
Yìnyín! Ní Bayou Malvine!
Níbi tí òkè wa tó ga jù
jẹ́ ebè gbọọrọ tí ìjọba kọ láti dá òkun dúró.
Tavian Dardar nawọ́ sókè:
"Ṣé ọkọ̀ ojú omi ni pátákó náà?"
Olùkọ́ rẹ̀ ò gbọdọ̀ dáhùn.
Ó kọjú sí fèrèsé.

Tavian yìí, ọmọ ọdún mẹ́jọ,
tí ìjì ká òrùlé ilé wọn lọ,
táwọn méje jọ ń sùn nínú ilé onítáyà,
gbé apẹ̀rẹ̀ edé mẹ́rìnlá síwájú rẹ̀,
sọ iye tí àwọn oníbàárà ń san.
Kó o tó mí, ó ti yọ owó epo ọkọ̀,
ó ti yọ owó yìnyín
(yìnyín tóun mọ̀ nìyẹn, èyí tí edé ń sùn lé),
ó ti sọ ohun tó kù fún bàbá rẹ̀.
Apá ibo lára D ni wọ́n kọ ìyẹn sí?

Inú bí mi. Mo fẹ́ ya bébà náà.
Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ìbínú sọ mí di òpùrọ́.
Ẹ̀gbọ́n mi, Alcide, lo ọdún méjìlá nínú ilé yìí kan náà
láyé tí ẹnìkan ò wọn ẹnìkan.
Lọ́dọọdún wọ́n ń kọ ọ́ pé "Ó ń gbìyànjú."
Wọ́n fún un níwèé ẹ̀rí, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́,
a jẹ kéèkì.
Lọ́jọ́ tó fẹ́ gba ìwé àṣẹ ìpẹja
ó na fọ́ọ̀mù sí mi, ó ní ojú ń dun òun.
Lọ́sẹ̀ kejì, ojú ṣì ń dùn ún.
Ọgbọ̀n ọdún ni ojú fi dun ẹ̀gbọ́n mi.
Ta ló bi ilé-ìwé léèrè?

Nítorí náà, n ò ní kí wọ́n sọ òṣùwọ̀n nù.
Ẹni tí kò bá wọn omi, omi á gbé e lọ.
Ohun tí mo ń bi àwọn ará Baton Rouge ni pé
ẹ wọ̀n wá tán, ó wá kù?
Télọ̀ tó wọn ọmọ tí kò rán aṣọ,
ṣé téèpù lọmọ máa wọ̀?
Olùkọ́ ìwé kíkà fẹ̀yìn tì láti ọdún kẹta,
àga rẹ̀ ni mo fi ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lé.
Bọ́ọ̀sì kejì ṣì wà nínú ẹrẹ̀ níbi tí omi jù ú sí.

Lánàá, ilé-ìwé ti tú, mo ń nu ilẹ̀,
Tavian ń dúró de ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.
Kò wo D.
Ìwé ìgbì omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń kà,
ó fìka tẹ̀ lé e, ètè rẹ̀ ń mì.
Ó kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan, ó padà sẹ́yìn, ó mú un.
"Mísì Odile, omi á kún
ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá."

Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀.
Mo fi ìnulẹ̀ ti ògiri, mo wo aago,
mo jáde lọ wo ẹsẹ̀ afárá.
Ó gbà á.